Ètò DOS tí kò mọ ibòmíì ju LPT1 lọ: báwo ni mo ṣe máa darí ohun tó ń tẹ̀ sínú fáìlì?

Olùṣírò_Ọjà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti bá ètò àtijọ́ jìjàkadì rí, kó yà sọ́dọ̀ mi.

Èmi ni mò ń ṣírò ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde níbi iṣẹ́ mi. Ètò tí a fi ń ṣe é ti wà níbẹ̀ kí n tó dé: ojú búlúù, lẹ́tà funfun, kò sí ọ̀rọ̀ máòsì níbẹ̀ rárá. F2 la fi ń wá ọjà, F7 la fi ń tẹ ìwé. 1994 ló wà lójú ewé tó kọ́kọ́ ń yọ. Ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí kóòdù rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kò ṣi ìṣirò ṣe lójú mi rí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwé títẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tí ìṣirò fi ń jáde nínú rẹ̀. Kò mọ PDF, kò mọ USB, LPT1 ló mọ̀, pọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dot matrix (èyí tó ń fi abẹ́rẹ́ tẹ lẹ́tà sórí bébà) tó ń gbọ́ èdè rẹ̀ sì ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ 9 ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan láàárín ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ẹ wò ó bí mo ṣe mọ̀: ọjà 00417 tó yẹ kó ṣẹ́ ku 80, 00 ni mo rí lórí bébà. Ìlà àárín tó mú 8 jẹ́ 8 ti pòórá, 8 bá di òdo. Díẹ̀ ló kù kí a lọ ra ohun tó kún yàrá fọ́fọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju èyí lọ: kí n tẹ F7 nírọ̀lẹ́, kí ìwé náà bọ́ sínú fáìlì tí mo lè ṣí nínú LibreOffice Calc. Mi ò fẹ́ bébà mọ́.

Mo ti gbìyànjú ọ̀nà méjì. Mo kọ́kọ́ lo DOSBox, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà DOS, lórí kọ̀ǹpútà mi tó jẹ́ Windows 11. Ètò náà ṣí wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ F7 báyìí, á ní PRINTER NOT READY. Mo wá lọ sídìí kọ̀ǹpútà kan tó ṣì ń lo Windows 10 ti 32-bit. Mo dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayédèrú kan sórí rẹ̀, Generic / Text Only, mo ní kí pọ́ọ̀tù rẹ̀ jẹ́ C:\IWE\OJA.TXT, mo fi OJA sọ ọ́ lórúkọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo wá kọ èyí kí ohun tó ń lọ sí LPT1 lè gba ibẹ̀:

`net use LPT1 \\localhost\OJA /persistent:yes`

Fáìlì yọ! Inú mi dùn dé ìgbà tí mo ṣí i nínú Notepad:

```
□@□CB□
ÚÄÄÄÄÄÄÄÂÄÄÄÄÄÄ¿
³ 00417 ³   80 ³
ÀÄÄÄÄÄÄÄÁÄÄÄÄÄÄÙ
```

Àfi bí ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọdé fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, tó wá ń fọ́n ọn káàkiri bí ẹni fọ́n iyọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí mo bá tẹ ìwé kejì, ti àkọ́kọ́ á pa rẹ́. Fáìlì náà kì í sì í tètè dé, mo máa ń kà dé bíi 15 kó tó yọjú. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ìgbàlódé

Ẹ ra ètò tuntun, kẹ́ ẹ sinmi. Ọgbọ̀n ọdún ti pọ̀ jù fún sọ́fítíwíà.

Olùṣírò_Ọjà

Ẹ ṣeun. Ká ní èmi ni mò ń fọwọ́ sí owó níbí ni, mi ò bá má ti wá béèrè ọ̀rọ̀ LPT1 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Abẹ́rẹ́_Mẹ́sàn-án

Ètò tí kì í ṣi ìṣirò ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín kúrò nídìí ẹ̀. Títún orí ẹ̀rọ dot matrix ṣe ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun tó ń lọ bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gan-an nìyẹn, láìsí àbùlà. Nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ DOS, láti 0 dé 255, code page tí wọ́n bá sì lò ló ń sọ ohun tí èyí tó ju 127 lọ dúró fún. Nínú code page 437, 196 ni ìlà tó dùbúlẹ̀, 179 ni èyí tó nàró, 218 ni igun òkè lápá òsì. Notepad yín ò mọ̀yẹn, ó gbà pé 1252 ti Windows ni. Níbẹ̀, Ä ni 196, ³ ni 179, Ú ni 218. Àpótí rèǹtèrente tẹ́ ẹ máa ń rí lójú ètò yín ló di àmì ohùn.

Àwọn onígun mẹ́rin tó wà lókè ńkọ́? Àṣẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe lẹ́tà. ESC ni àkọ́kọ́, nọ́ńbà 27. ESC @ ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbàgbé gbogbo àṣẹ àtẹ̀yìnwá. Èyí tó kẹ́yìn ìlà yẹn, ó jọ pé 15 ni, òun ló ń ní kí lẹ́tà fún pọ̀ kí ìlà tó gùn lè gba ojú ìwé. 18 ló ń dá a padà sípò. 12 ló ń ní kó ti ewé jáde. ESC/P ni wọ́n ń pe èdè náà, Epson ló ni ín, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn sì ń gbọ́ ọ.

Ẹ rò pé Generic / Text Only á yọ wọ́n kúrò, àbí? Kò lè yọ wọ́n. Ohun tó bá gba net use kọjá, bó ṣe jáde lẹ́nu ètò ló ṣe ń dé, dráífà kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ fi dráífà mìíràn síbẹ̀, ohun kan náà lẹ máa bá nínú fáìlì.

Ìṣẹ́jú àáyá 15 tẹ́ ẹ kà yẹn, ẹ kà á re. Ètò DOS kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti tẹ̀wé tán, ó kàn ń dákẹ́ ni. Windows á wá dúró, á máa wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. Nínú registry, ibi tí Windows ń kó ìlànà rẹ̀ sí, lábẹ́ `HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\WOW`, ẹ máa rí `LPT_timeout`, 15 ni wọ́n sì fi síbẹ̀. Ẹ lè dín in kù sí 3. Àmọ́ bí ètò yín bá jẹ́ irú èyí tó máa ń dúró ṣírò láàárín ìwé, ìwé kan á já sí méjì mọ́ yín lọ́wọ́. Ti pé ìwé kejì ń pa àkọ́kọ́ rẹ́, ìṣe pọ́ọ̀tù tó bá jẹ́ orúkọ fáìlì nìyẹn, ọ̀tun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ bá mi wo inú fódà ètò náà. Ṣé ẹ rí fáìlì tó parí sí .DBF (ibi tí ètò ń kó àkọsílẹ̀ sí) àti .NTX (atọ́ka tó fi ń wá a)? Ṣé fáìlì kékeré kan wà tí wọ́n kọ LPT1 sínú rẹ̀? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ọ̀nà 3 ni ètò DOS ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọmọlúàbí inú wọn á ní kí DOS bá òun ṣí LPT1 tàbí PRN bí ẹni ń ṣí fáìlì. Àwọn kan á fo DOS dá, wọ́n á lọ bá BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ní INT 17h. Olórí kunkun á lọ fọwọ́ ara rẹ̀ kan pọ́ọ̀tù 378h (àdírẹ́sì LPT1), kò ní bi ẹnì kan. Bí tiyín bá jẹ́ ọmọlúàbí, ẹ kàn fi orúkọ fáìlì rọ́pò LPT1 níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, kò ní mọ ìyàtọ̀.

Olùṣírò_Ọjà

Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ kú àlàyé. DBF 6 ló wà níbẹ̀, NTX pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì rí OJA.CFG, fáìlì kékeré tí kò ju ìlà 7 lọ, LPT1 sì wà lórí ìlà kẹrin bẹ́ ẹ ṣe wí! Mo da gbogbo fódà náà kọ síbòmíràn kí n má bàa ba tòótọ́ jẹ́, mo fi IWE.TXT rọ́pò LPT1, mo ṣí i nínú DOSBox, mo tẹ F7.

PRINTER NOT READY.

Alẹ́_Nìṣẹ́

Ẹ ń ṣe wàhálà lásán. Bó bá jẹ́ DBF ni, LibreOffice Calc ń ṣí DBF tààrà. Ẹ má tẹ nǹkan kan, inú ilé ìṣúra gan-an lẹ máa wọ̀ yẹn.

Olùṣírò_Ọjà

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí lóòótọ́, mo rí ọjà tó wọlé nínú ọ̀kan, èyí tó jáde nínú ìkejì, ọjà tí wọ́n dá padà nínú ìkẹta. Iye tó ṣẹ́ kù ni mi ò rí níbì kankan. Ìgbà tí mo bá tẹ F7 ni ètò náà tó ń ṣírò rẹ̀, mi ò sì mọ bó ṣe ń ka èyí tó bàjẹ́.

Abẹ́rẹ́_Mẹ́sàn-án

Alẹ́, ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán an wò má ṣe fi Calc tọ́jú DBF padà sí ibi tó ti mú un. NTX kò ní mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó fi F2 wá ọjà tẹ́ ẹ fi ojú rí, ètò á ní kò sí. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ máa ṣí.

Olùṣírò, NTX tẹ́ ẹ rí yẹn fi hàn pé Clipper, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò láyé DOS, ni wọ́n fi kọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Clipper ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ISPRINTER(), ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi í kọ̀wé ètò nígbà náà ló ń pè é kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun. LPT1 ló máa ń wò, LPT1 nìkan. Kò kàn án pé fáìlì lẹ ní kí ìwé lọ. Bí ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà sílẹ̀ nílé, tó wá ní àfi tí òun bá kọ́kọ́ rí i pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣí. DOSBox tẹ́ ẹ ń lò kò ní LPT1 kankan, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Lórí Windows 10 yẹn, ẹnì kan dá a lóhùn, òun ló fi gbà láti tẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ni LPT1 ayédèrú tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ "mo wà níbí".

Ọ̀dọ́_X

Ẹ jẹ́ kí n bá bàbá gbé e débẹ̀. Ẹ fi DOSBox sílẹ̀, DOSBox-X ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ̀ka rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ pọ́ọ̀tù ìtẹ̀wé sínú ìyẹn. Nínú fáìlì ètò rẹ̀, ẹ wá `[parallel]`, kẹ́ ẹ kọ:

```
[parallel]
parallel1=file timeout:3000
```

Ìwé kọ̀ọ̀kan á ní fáìlì tirẹ̀ nínú fódà capture, èkejì ò ní pa àkọ́kọ́ rẹ́. 3000 yẹn ni iye tó máa fi dúró kó tó pa fáìlì dé, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá la fi ń kà á. Bó bá wù yín kí gbogbo rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ra nínú fáìlì kan ṣoṣo, ẹ fi `append:` àti orúkọ fáìlì sí i. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí bí nǹkan kan bá ṣì wọ̀ ọ́, ti gbogbo oṣù ló bá a rìn.

Ẹ dá LPT1 padà sínú OJA.CFG o! Ẹ jẹ́ kí ètò náà máa rò pé nǹkan kan ò yí padà. Nítorí pé pọ́ọ̀tù náà fúnra rẹ̀ ni DOSBox-X ń ṣe ayédèrú rẹ̀, kódà olórí kunkun tí bàbá ń wí, tó ń fọwọ́ kan 378h, inú fáìlì kan náà lòun náà máa bọ́ sí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Bẹ́ ẹ bá kọ `parallel1=printer` dípò file, ẹ̀rọ dot matrix ayédèrú ni yóò gba ìwé náà, á ka ESC/P, á sì ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí àwòrán PNG. Calc ò lè ka ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yín bá fẹ́ rí ìwé bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, ó ń bẹ.

Olùṣírò_Ọjà

Ó ṢIṢẸ́! Mo tẹ F7, kò ní NOT READY, fáìlì kan sì wà nínú capture. Mo pariwo débi pé ẹni tó jókòó sí ìdojúkọ mi béèrè bóyá iná gbé mi.

Àmọ́ àwọn Ä ṣì wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa lé wọn?

Abẹ́rẹ́_Mẹ́sàn-án

Wọn ò nílò lílé, kẹ́ ẹ túmọ̀ wọn ni. Ṣé Git Bash, ojú fèrèsé tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, wà lórí kọ̀ǹpútà yín? Ó ní sed àti iconv nínú. Ká ní ẹ pe fáìlì náà ní OJA.PRN:

```
LC_ALL=C sed 's/\x1b[@EF]//g; s/[\x0f\x12\x0c]//g' OJA.PRN | iconv -f CP437 -t UTF-8 > OJA.TXT
```

Ìdajì àkọ́kọ́ ń yọ àṣẹ, ìdajì kejì ń túmọ̀ lẹ́tà. ESC E àti ESC F tí mo fi kún un ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dúdú kirikiri tí wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Ẹ má yí ìdajì méjèèjì sí ara wọn, kí sed rí nọ́ńbà bí wọ́n ṣe jáde ló dára jù.

Olùṣírò_Ọjà

Àpótí ti di àpótí. Ó lẹ́wà! Ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin kan àti CB ṣì jókòó sí orí ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo ti fọwọ́ pa á rẹ́ nínú ìwé 3, ó sì ń padà wá. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ CB níbí.

Abẹ́rẹ́_Mẹ́sàn-án

Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀, ẹ sì ti fi hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀. C ni àṣẹ, B kì í ṣe lẹ́tà rárá. ESC C ń sọ bí ìlà tó wà lójú ewé kan ṣe pọ̀ tó, nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé e ni iye ìlà náà. Nọ́ńbà B ni 66. Ìlà 66, bébà oní-ínǹṣì 11, ìlà 6 sínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ ètò yín lọ́dún náà ló ń sọ bí bébà rẹ̀ ṣe gùn tó fún yín títí dòní. Ẹ fi èyí ṣáájú nínú sed:

`s/\x1bC.//g;`

Ìdí nìyí tí kò fi dára kéèyàn kàn pa ESC nìkan rẹ́ kó rò pé òun ti ṣe tán. Àwọn kan máa ń gbé ẹrù dání, ẹrù náà á sì ṣubú sáàárín ìṣirò yín.

Ọ̀dọ́_X

Bí ẹ bá fẹ́ ìlà tó ní ọjà nínú nìkan, ẹ fi `| grep '^│'` sẹ́yìn iconv, kó ṣáájú àmì `>`. Gbogbo ìlà tó kàn ń ya àpótí á fò dànù. Nígbà tí Calc bá sì béèrè ohun tó pín òpó níyà, ẹ lọ síbi Other, kẹ́ ẹ lẹ │ mọ́ ọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti inú fáìlì, torí kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù.

Olùṣírò_Ọjà

CB ti lọ. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tí mo máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ò ju kí n tẹ F7 kí n sì tẹ òun náà.

Ohun kan ṣoṣo ló tún kọ́kọ́ já mi láyà: Calc sọ 00417 di 417, gbogbo òdo iwájú ló pòórá, F2 ò sì mọ ọjà tó ń jẹ́ 417. Mo fẹ́ẹ̀ tún wá pariwo síbí kí n tó rí i pé lójú ewé tí Calc fi ń béèrè òpó, mo lè tẹ orí òpó tí nọ́ńbà ọjà wà kí n sọ ọ́ di Text. Àwọn òdo bá padà.

Mo lọ sórí ìlà 00417, mo sì dìde lọ sí yàrá lọ ka ọjà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. 80 ló wà nílẹ̀, 80 ló wà nínú fáìlì.